Nọ́mbà Mọ́tò Tí O Pè Nínú Ọgbà Má-Sọ̀kalẹ̀

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1988, ní nǹkan bí agogo márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, wọ́n lu Olútáyọ̀, àkọ́bí èmi Simeon Ọdẹ́tọ́lá, pa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.

Olútáyọ̀, ọdún márùn-ún rèé tí o lọ.

Ọdún mẹ́rin ni àwọn àbúrò rẹ ti ń bá mi kọ ìwé ìrántí yìí. Wọ́n máa ń kọ pé ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ, pé o láàánú, pé ikú mú ẹni rere lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí mo ní kí wọ́n gbé bírò fún mi. Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ pàápàá títí di oṣù kẹta tó kọjá yìí. Màá sọ ọ́ níbí, lójú gbogbo ẹni tó bá ka ìwé náà.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ.

Oyún tí o fi sílẹ̀ lára Yẹ́misí aya rẹ, ó bí i ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Obìnrin ni. Ọmọ́wùnmí la sọ ọ́. Ó ti wọ jẹ́léósinmi ní Ìkọ̀tún níbí. Iwájú orí rẹ ló gbé wáyé, àti etí rẹ. Bó bá ti ilé ìwé dé, á dúró sí ẹnu géètì, á máa ka nọ́mbà gbogbo mọ́tò tó bá ń kọjá. N kò kọ́ ọ. Ìwọ nìkan ni mo kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́, a ṣì ń gbé Múṣin. Mo máa ń mú ọ dúró lẹ́bàá títì, màá ní kí o pe nọ́mbà mọ́tò. Bí o bá ṣì í, màá fi rúlà gbá ọ lọ́wọ́. Bí o ṣe mọ òǹkà nìyẹn.

Ilé ti parí. Yàrá méjì ẹ̀yìn tí o bá mi po sìmẹ́ńtì rẹ̀, a ti rẹ́ ẹ, a ti kùn ún. Kò sí ẹni tó ń gbé inú èyí tó kángun sí kànga. Ìyá rẹ kò gbà.

Yẹ́misí kò ta ẹ̀rọ orin rẹ. Àwọn kan wá láti Ìpájà pé àwọn fẹ́ rà á. Ó lé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi í ṣiṣẹ́ báyìí, níbi ìgbéyàwó àti àjọ̀dún ilé ìwé. "Màmá Dí-jéè" ni wọ́n ń pè é láti Ìkọ̀tún títí dé Ìgàndó. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iná mọ́tò sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré, Yẹ́misí kì í pe nọ́mbà rẹ̀. Á gbé máíìkì kalẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá onítọ̀hún, á sì sọ ọ́ sí i létí.

Ọgbà oúnjẹ Má-Sọ̀kalẹ̀ kò sí mọ́. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìyá Lucy tó ni ibẹ̀ ti padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń dàgbà lọ́wọ́lọ́wọ́ kò mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà rí ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Èèyàn á wa mọ́tò wọ inú ọgbà, á dúró sí àyè tí wọ́n fi ẹfun fà sílẹ̀, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, á tan iná iwájú mọ́tò, á pa á, á tún un tàn. Ọmọbìnrin kan á gbé tíréè wá, á fi kọ́ ojú fèrèsé mọ́tò: ìrẹsì, ẹran díndín, mọ́ínmọ́ín, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè é ní Má-Sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onígìtá máa ń ṣeré níbẹ̀ láti agogo mẹ́rin, pẹ̀lú fèrè àti ìlù ńlá. Bí wọ́n bá ti ń sinmi, ìwọ á gbà á lọ́wọ́ wọn nínú ahéré onípákó tí wọ́n kàn fún ọ, wàá máa gbé àwo orin sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnì kejì rẹ̀, á kọ ìkíni náà sí pélébé ìwé pẹ̀lú nọ́mbà mọ́tò, ọmọbìnrin onítíréè á mú un wá fún ọ, wàá kà á jáde nínú sípíkà.

Nítorí iná tí wọ́n fi ń pe oúnjẹ yìí, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé láti pa á. Wọ́n á jẹun tán, bátìrì á ti kú. Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ sí pe nọ́mbà wọn. Láàárín orin kan sí èkejì, wàá ní, "Onípijó funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, iná yín ń jẹ bátìrì o. Àbí ẹ fẹ́ kí á tì yín délé ni?" Wàá wá pe nọ́mbà rẹ̀ geere láti orí dé ìdí, gbogbo ọgbà á bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n sọ fún mi ni. N kò rí i. Ọdún mẹ́fà lo fi ṣe dí-jéè, n kò wá lẹ́ẹ̀kan títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn.

Mo rán ọ lọ sí ilé ìwé girama kí o lè jókòó sí ọ́fíìsì bíi tèmi. Mo sọ fún ọ pé èmi kò bí ọmọ tí yóò máa pariwo fún àwọn tó ń jẹun. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. O dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní nọ́mbà pípè, Bàmí." Mo ní kí o jáde nílé mi. O kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ìwọ àti Yẹ́misí. Ìyá rẹ ló máa ń wá bẹ̀ yín wò. Èmi kì í wá.

Lọ́jọ́ yẹn, bí a ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ìyá rẹ dúró sójú ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Táyọ̀, ẹ lọ gbọ́ ohùn ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní pa yín lára." Mo mú un délé, mo wa mọ́tò Ìjàpá mi lọ, èmi nìkan.

Mo dúró sí ìlà tó gbẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí o kò ti lè rí mi. Mo ra mọ́ínmọ́ín. Mo gba pélébé ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin onítíréè, mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, mo kọ nọ́mbà mọ́tò mi, mo ní kó mú un fún ọ. Mo rí i tó na ọwọ́ sínú ahéré. Mo ń retí kí o kà á.

O ka méjì tí kì í ṣe tèmi. Lẹ́yìn náà o ní, "Dátísọ̀n aláwọ̀ ewé, LA 2936 AK! Iná yín ń tàn, òòrùn náà sì ń ràn. Ṣé ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Olútáyọ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan tí mọ́tò rẹ̀ wà níwájú tèmi kò rẹ́rìn-ín. Akínbọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Kóòtù ni mo ti wá mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn adigunjalè fi ìbọn gba Dátísọ̀n kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure. Nọ́mbà tirẹ̀ lo pè yẹn. Ó já jáde nínú mọ́tò tó wà, ó wo iwájú, ó figbe ta: "Mọ́tò mi nìyẹn! Olè! Àwọn olè tó gba mọ́tò mi rèé o!"

Ìwọ kò mọ̀. Báwo ni o ṣe máa mọ̀? Iná lásán lo rí.

Jàfárù ló jókòó sínú Dátísọ̀n náà, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgàndó, òun àti Àdíját ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mọ́tò náà di tiwọn. Ẹni tó tà á fún un kó gbogbo ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ìwé tòótọ́ sì ni, nítorí inú mọ́tò ló wà lọ́jọ́ tí àwọn olè gbà á. Jàfárù kò jalè rí. A kò bi í.

Mo kọ "a".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ rántí bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Adigunjalè wọ ilé mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi ìdí ìbọn yọ eyín iwájú mi méjì lójú ìyá Olútáyọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ "olè", n kò ro nǹkan kan. Mo ṣí bùútù Ìjàpá, mo fa wìlì sípánà yọ, mo sì lọ. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sínú mọ́tò mọ́ ní Má-Sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa la sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n fa Jàfárù gba ojú fèrèsé jáde, tòun ti tíréè oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n fọ́ ìgò mọ́ ọn lórí. Obìnrin kan tó ṣì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀, ó fi gún un lójú ọ̀tún. Ojú náà kò ríran di òní. Wọ́n gbé irin tí àwọn onígìtá fi ń gbé máíìkì dúró, wọ́n fi na Àdíját lẹ́yìn títí ó fi ṣubú. Àwọn onígìtá sá fo ògiri. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Ta ló ní bẹntiróòlù? Ẹ fà á nínú mọ́tò tó jí gbé jàre! Òun náà ni kẹ́ ẹ fi sun ún!"

Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn rẹ nínú sípíkà. "Ẹ dúró! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dúró! Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ná!"

Wọn kò dúró. O jáde nínú ahéré pẹ̀lú máíìkì lọ́wọ́, wáyà gígùn ń wọ́ tẹ̀lé ọ. O fi èjìká la àárín wọn, o wó lé Jàfárù lórí, o fi gbogbo ara bò ó mọ́lẹ̀. O ní, "Èmi ni mo pe nọ́mbà náà. Iná ló gbàgbé. Iná lásán ni!"

Ohùn kan dáhùn pé, "Dí-jéè náà wà ńbẹ̀! Wọ́n jọ ń ṣe é ni!"

Ẹlòmíràn ní, "Kí ni mo sọ? Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pe nọ́mbà! Ó ń pe mọ́tò tí wọ́n máa gbà fún wọn!"

Àwàdà tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́fà! Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀sùn sí ọ lọ́rùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí sí ọ.

Mo ń bọ̀, Olútáyọ̀. Mo ń bọ̀. Mo ti mọ̀ pé ohùn rẹ ni. Mo ń ti èèyàn sọ́tùn-ún, mo ń tì wọ́n sósì, mo ń kígbe pé ọmọ mi ni, ọmọ mi ni. Wọ́n rò pé mo ń sọ pé ọmọ mi ni wọ́n jà lólè. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò rántí jù ú nù. Ọkùnrin onísíńgílẹ́ẹ̀tì kan bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ mú un wá, apá yín ò ká a mọ́." Ó já a gbà lọ́wọ́ mi, ó sì wọ inú èrò lọ.

Máíìkì rẹ kò kú. Ohun tí mo ń gbọ́ títí di òní nìyẹn. Sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ọgbà ń gbé gbogbo ohun tí wọ́n fi lù ọ́ jáde. Igi. Òkúta. Irin. Mo gbọ́ irin lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, n kò gbọ́ èémí rẹ mọ́.

Ohun tí mo fi pamọ́ nìyẹn. Èmi ni mo mú sípánà náà wá. N kò mọ̀ bóyá irin mìíràn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní kóòtù, adájọ́ ní kí n dáhùn ohun tí wọ́n bi mí nìkan, kí n sì jókòó. Mo jókòó. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti jókòó.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, wọ́n yìnbọn sókè. Gbogbo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ tún padà sínú mọ́tò, wọ́n wà á lọ, tíréè Ìyá Lucy ṣì kọ́ ojú fèrèsé àwọn mìíràn. Ó ku èmi, ó ku Àdíját, ó ku Jàfárù tó ń mí lábẹ́ rẹ. Àwo orin tí o gbé sí i kí o tó jáde ti parí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yí, kò rí orin kọ.

Olútáyọ̀! Olútáyọ̀ ọmọ mi!

Jàfárù yè. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí a pa ọ́, òun àti Àdíját máa ń wá láti Ìgàndó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti géètì mọ́ wọn. Wọ́n á dúró síta títí tí a óò fi gbàdúrà tán. Yẹ́misí ló ń gbé omi jáde fún wọn. Àwọn ará àdúgbò rò pé inú ń bí mi pé òun yè, ìwọ kú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún un ni n kò lè wò.

Ẹjọ́ parí ní oṣù kẹta ọdún yìí. Wọ́n ju ọkùnrin mẹ́ta sẹ́wọ̀n. Ẹni tó já sípánà gbà kò sí lára wọn; ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n wá kó ẹrù rẹ ní tésàn. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Yésúfù gbé àpò ìdọ̀họ jáde, ó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bírò sàmì sí i. Nígbà tó kan sípánà, ó ní, "Eléyìí ò lẹ́ni tó ni ín. Ẹ jẹ́ n jù ú sọ́hùn-ún."

Mo ní, "Tèmi ni."

Ó wò mí. "Bàbá, ẹjọ́ ti tán. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún ìwé mìíràn bẹ̀rẹ̀ ni? Ẹ fọwọ́ síbí jàre, kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Mo tún un sọ pé tèmi ni. Ó tì í sínú àpò náà, kò sì wo ojú mi mọ́.

Mo gbé e délé, mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ, mo sọ fún un. Kò sunkún. Ó mú sípánà náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó gbé e sórí ògiri kó gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, "Èmi ni mo ní kí ẹ lọ."

Mo wá ránṣẹ́ sí Jàfárù. Èmi fúnra mi ni mo ṣí géètì. Mo sọ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo fi iná sílẹ̀."

Mo ní, "Jàfárù, ta ní ń sọ̀rọ̀ iná?"

Ó ní, "Èmi ni, sà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá sọ ọ́ níta géètì yín. Ẹ ò ṣí i."

Lónìí, inú ilé ló jókòó sí. Ọmọ́wùnmí wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Olútáyọ̀, wọn kò kọ́ irú wa bí bàbá ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Dárí jì mí. Àárò rẹ ń sọ mí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí agogo márùn-ún bá ti kọjá, àárò rẹ ń sọ mí. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí mo ń fi rúlà gbá ọ lọ́wọ́, mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí mo lé ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ lónìí. N kò sọ ọ́ fún ọ rí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bi ara mi láti ọdún márùn-ún yìí: ṣé o mọ̀ pé mo wá? O kò ka ìwé mi. Àwọn ìwé tí wọ́n bá lórí tábìlì rẹ, wọ́n kó wọn hàn ní kóòtù. Mo wò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tèmi kò sí níbẹ̀. Mo gbà pé ọmọbìnrin onítíréè sọ ọ́ nù.

Ohun tí o fi sílẹ̀, tí mo kó délé láti tésàn, nìyí:

Bàtà dúdú, ẹsẹ̀ òsì nìkan.

Ẹ̀rọ tí o máa ń fi bo etí, tí apá kan rẹ̀ ti ṣẹ́.

Máíìkì kan àti wáyà rẹ̀.

Àwo orin kan, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

Pélébé ìwé mọ́kànlá tí o fi ìṣó gún pọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ní Ìkọ̀tún. N kò mọ̀ pé o ṣì ní in lọ́wọ́.

Wìlì sípánà kan. Tèmi ni.

Ṣòkòtò kan.

Ẹ̀wù kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí ẹ̀jẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, tí ọlọ́pàá kò tú wò.

Nínú àpò àyà ẹ̀wù náà, níbi tí ìyá rẹ ti rí i nígbà tó rẹ ẹ́ sómi: pélébé ìwé kan, tí o yọ sọ́tọ̀, tí o ká sí mẹ́rin. Bírò ti ń ṣí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ara mi. *Ìjàpá, LA 5108 C, ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ bá mi kí dí-jéè. Ẹ ní bàbá rẹ̀ ń gbọ́ ọ.*